Òfin Keje Lórí Ọ́ìlì Àlòkù

Ọ̀gbẹ́ni Christopher Ọmọ́lẹ́yẹ kì í ṣí fìlà. Bó bá wà ní ọ́fíìsì, fìlà wà lórí. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, fìlà wà lórí. Inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ti ń ṣí i, tipátikúùkù sì ni. Àsìkò ọdún Ìgógó, tí ọkùnrin kankan kì í dé fìlà nílùú Ọ̀wọ̀, tí obìnrin kì í sì í wé gèlè, nìkan ni gbogbo ayé ń ráyè wò ó dáadáa pé orí ọ̀gá ti pá láti iwájú dé ìpàkọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àsìkò Ìgógó gan-an ló máa ń gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọọdún.

Èdè mẹ́ta ló ń sọ. Ó ń sọ Ọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ń sọ Yorùbá orí rédíò fún àwọn tí agbára rẹ̀ ká, ó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ara rẹ̀ níwájú dígí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kò sì tíì sí nǹkan kan tó ṣe lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá mú un kúrò níbẹ̀, àwọn èèyàn á béèrè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn ún. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fi í ṣe Alámòójútó Ọ́ìlì Àlòkù fún ẹkùn Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ náà kà á, ó wá lọ ra bíró aláwọ̀ ewé.

Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò títí tó fi dúdú bí èédú, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọndẹ́ẹ̀mù, ni wọ́n ní kó máa mójú tó. Òfin tuntun ni kí ẹnikẹ́ni má dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sójú gọ́tà mọ́, torí pé ó ń ba ilẹ̀ jẹ́, ó sì ń wọ inú kànga. Kí mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan tọ́jú tirẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí, kó máa gbé e wá sínú táńkì ńlá kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì ọ̀gá. Bí táńkì bá kún, ilé iṣẹ́ kan á wá gbé e lọ, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tún un ṣe, á di ọ́ìlì tó ṣeé lò padà. Òfin náà dára. Ẹni tí wọ́n fi lé lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀.

Nítorí kò pẹ́ tí Ọmọ́lẹ́yẹ fi bí ọmọ fún òfin náà. Ó jókòó, ó kọ òfin mẹ́wàá tirẹ̀ tì í lẹ́yìn. Òfin kẹta ní kí gbogbo dúrọ́ọ̀mù jẹ́ aláwọ̀ ewé, irú èyí tó bá bíró rẹ̀ mu. Òfin karùn-ún ní kí wọ́n kọ orúkọ Alámòójútó sára dúrọ́ọ̀mù náà, kí lẹ́tà rẹ̀ má kéré. Àmọ́ òfin keje ni àkọ́bí ọkàn rẹ̀. Òfin keje sọ pé: “Ojú lásán kò tó láti mọ ohun tó wà nínú táńkì. Kí gbogbo ìkó-ọ́ìlì-sí ní táàpù nísàlẹ̀, kí olùbẹ̀wò ṣí i, kí ó rí òtítọ́.” Nígbà tó kà á tán, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kọ ọ́ gàdàgbà sára táńkì ńlá náà, pẹ̀lú orúkọ òun nísàlẹ̀ rẹ̀.

Jìbírílù, alága àwọn mẹkáníìkì, ni òfin keje kọ́kọ́ bà. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgúnpá, tí ẹnu rẹ̀ sì mọ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

“Jìbírílù, dúrọ́ọ̀mù rẹ kò ní táàpù nísàlẹ̀.”

“Ọ̀gá wa, ẹnu rẹ̀ wà lókè. Ibi tí à ń gbà rọ ọ́ wọlé náà là ń gbà dà á jáde.”

“Ìsàlẹ̀ ni òfin wí.”

“Ọ̀gá, ẹ dákun. Dúrọ́ọ̀mù yìí ò jò rí láti ayé bàbá mi. Bí mo bá wá dá ihò sí i nísàlẹ̀, ṣé kò ní máa jò sórí ilẹ̀ tí òfin ní kó má jò sí?”

“Kí ni òfin keje wí?”

Jìbírílù wo ojú ọ̀run. “Ó ní kí n lu ú.”

Ó lu ú. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ti gbẹ láti ìgbà pípẹ́ fi ń mu ọ́ìlì lórúkọ òfin, kí wọ́n tó rí wáṣà rọ́bà tó bá táàpù náà mu.

Jìbírílù tún gbìyànjú lọ́jọ́ náà láti la ọ̀gá lóye ohun kan. “Ẹ gbọ́, ọ̀gá. Ta ló tilẹ̀ ń da kọndẹ́ẹ̀mù nù nílùú yìí? Àwọn kan wà tí wọ́n ń dà á nù lóòótọ́, Ọlọ́run á dá wọn lẹ́jọ́. Àmọ́ àwa, kó tó tutù lẹ́ńjìnnì ló ti ní olówó orí. Àwọn agégi láti Ìmorù àti Òkèlùsè ń fi í sí ẹ̀rọ ìgégi wọn. Qudirat oníbúlọ́ọ̀kù ń fi í pa inú mọ́ọ̀dù kí búlọ́ọ̀kù má baà lẹ̀. Àwọn káfíńtà ń fi í kun igi òrùlé kí ikán má baà jẹ ẹ́. Bí ẹ bá kó o pamọ́ síbì kan ṣoṣo, gbogbo wọn ló máa wá bá yín níbẹ̀.”

“Kí wọ́n wá,” ni Ọmọ́lẹ́yẹ wí. “Òfin ni wọ́n máa bá.”

Oṣù mẹ́rin ni táńkì fi kún. Ẹgbẹ̀rún lítà. Ní ọjọ́ tó kún dé ẹnu, Ọmọ́lẹ́yẹ gun àkàsọ̀ lọ sókè, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó rí i bó ṣe ń dán bí awọ ejò, ó sì rí fìlà ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kọ̀wé sí Àkúrẹ́ pé Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ti ṣe é, pé kò sí ẹkùn mìíràn ní gbogbo ìpínlẹ̀ tó ṣe irú rẹ̀. Òótọ́ sì ni, lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn tí Jìbírílù kà sílẹ̀ dé.

Qudirat oníbúlọ́ọ̀kù ló kọ́kọ́ wọlé, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. “Ẹ̀yin ni ìjọba wa, ọ̀gá. Láyé àtijọ́, ṣọ́ọ̀bù dọ̀tídọ̀tí ni mo ti ń gba kọndẹ́ẹ̀mù bí ẹni ń tọrọ. Ní báyìí, mo rí ọ́fíìsì, mo rí àga, mo rí èèyàn ńlá. Kẹ́ẹ̀gì méjì péré ni mo wá bẹ̀.”

Ó yẹ kí Ọmọ́lẹ́yẹ sọ pé rárá. Ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ ti là. Àmọ́ “èèyàn ńlá” yẹn ti wọ̀ ọ́ lára bí omi gbígbóná lásìkò ọyẹ́. Ó ní kò ṣeé ṣe láìsí ìwé ìyọ̀ǹda. Qudirat ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọmọ́lẹ́yẹ kò mọ̀ títí di ìgbà náà pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, àmọ́ kó tó di ọ̀sán ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde: ìwé ìyọ̀ǹda pẹ̀lú ìlà fún orúkọ, ìlà fún iye kẹ́ẹ̀gì, àti àyè fífẹ̀ kan nísàlẹ̀ fún ìbuwọ́lùwé. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ní ìrù mẹ́ta, ó sì máa ń tó ìṣẹ́jú kan gbáko kó tó kọ ọ́ tán. Àwọn tó wá gbàwé kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, kí wọ́n máa wo ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì mí kanlẹ̀ bó bá parí.

Lẹ́yìn Qudirat, fíkà ìjọ Ọmọ́lẹ́yẹ ránṣẹ́ pé ikán ti wọ òrùlé ilé àlùfáà. Ta ni yóò sọ rárá fún fíkà? Àwọn àna rẹ̀ wá láti Ìdóàní, wọ́n gbé iṣu márùn-ún dání, wọ́n ní àwọn ń kọ́ gbọ̀ngàn ìdílé. Ẹgbẹ́ àwọn agégi kọ lẹ́tà ìkíni-kú-oríire olójú ewé méjì, ojú ewé kẹta ni wọ́n ti béèrè ogún kẹ́ẹ̀gì. Gbogbo rẹ̀ ni ó buwọ́ lù. Nígbà tí ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ lọ́nà Ìpelè dé orí pákó òrùlé, ó rí i pé òfin gbọ́dọ̀ ká ọ̀gá náà mọ́. Ó kọ̀wé sí Alámòójútó pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó tọrọ kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìnlá. Alámòójútó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa, inú rẹ̀ sì dùn láti yọ̀ǹda.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí lẹ́tà fi dé láti Àkúrẹ́ nínú oṣù kejì ọdún. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti fojú rí ẹgbẹ̀rún lítà tí ó ròyìn rẹ̀. Bó bá rí bó ṣe wí, Ọmọ́lẹ́yẹ ni yóò di Igbákejì Olùdarí, pẹ̀lú ọkọ̀, pẹ̀lú ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́, pẹ̀lú àga tó ń yí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lẹ́tà náà kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, èyí ló sì bà á lẹ́rù jù.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Ó sáré lọ gun àkàsọ̀. Ó ṣí ìdérí. Ohun tó kù nísàlẹ̀ kò jìn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ó pe orúkọ Olúwa sínú táńkì, táńkì sì pè é padà fún un.

Ó ránṣẹ́ pe Jìbírílù. “Mo fẹ́ kí gbogbo mẹkáníìkì kó kọndẹ́ẹ̀mù wá kó tó di Ọjọ́bọ̀. Kí táńkì kún.”

“Ọ̀gá, ẹ ti gba ti oṣù yìí lọ́wọ́ wa. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe adìyẹ tí èèyàn ń sọ fún pé kó yé ẹyin ní kánmọ́. Ó dìgbà tí ọkọ̀ bá rìn kí ọ́ìlì rẹ̀ tó dúdú.”

“Kí wọ́n rìn nígbà náà!”

“Lọ síbo, ọ̀gá?”

Ọmọ́lẹ́yẹ kò mọ ibi tí wọn ó rìn lọ. Ó lọ sílé. Abigail ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ tó ti kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí tí kò fi sí ohun tó lè yà á lẹ́nu mọ́, gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí síwájú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án. Ó ń wo inú àwo. Epo pupa tẹ́ sójú ọbẹ̀ náà pẹrẹsẹ, èèyàn kò lè mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

“Abigail!” ló figbe ta. “Epo wà lókè!”

“Bàbá Fúnmiọlá, níbo lẹ fẹ́ kó wà?”

“Lókè! Lókè ló yẹ kó wà!” Ó dìde, ó jókòó, ó tún fìlà ṣe. “Mo ṣe sáyẹ́ǹsì nílé ìwé, ṣé o mọ̀? Wọn ò mọ irú èyí ní Àkúrẹ́.”

“Pé epo ń léfòó lórí omi?” Abigail fara balẹ̀ wò ó. “Àwọn ọmọ kíláàsì kejì mi mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹun.”

Àmọ́ ọkùnrin náà ti kúrò níbi tí ọ̀rọ̀ ti lè bá a. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ tètè lọ sílé láti lọ múra de àlejò, ó sì bẹ ọkọ̀ omi kan. Ọkọ̀ náà fi páìpù rẹ̀ sẹ́nu táńkì, ó ń tú omi sínú rẹ̀ wàà. Díẹ̀díẹ̀, kọndẹ́ẹ̀mù tó kù nísàlẹ̀ gbéra, ó ń gòkè bọ̀ bí ọba tí wọ́n ń gbé bọ̀ lórí ìtẹ́, títí ó fi dé ẹnu. Ọmọ́lẹ́yẹ yọjú wò ó. Dúdú, dídán, kíkún. Fìlà rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì rẹ́rìn-ín padà.

Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ló bá Jìbírílù nísàlẹ̀ àkàsọ̀, tó gbé kẹ́ẹ̀gì kọndẹ́ẹ̀mù kan dání.

“Ọ̀gá, mo ní kí n gbé ìwọ̀nba tí mo rí wá, kójú má tì yín. Ọkọ̀ omi yẹn ńkọ́?”

“À ń fọ táńkì ni. Fún ìmọ́tótó.”

“Tí ó ti kún?”

“Ó ti kún.”

Jìbírílù wo òkè táńkì. Ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí táàpù wà. Ó wá fi sùúrù ka ohun tí wọ́n fi ọ̀dà ewé kọ sí àárín méjèèjì, bí ẹni tí kò rí i rí. “Ọ̀gá,” ló wí, “kò sí nǹkan míì tẹ́ ẹ gbàgbé?”

“Èmi? Kí ni mo máa ń gbàgbé?”

“Mo kàn béèrè ni, ọ̀gá.” Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó ń fọnu súfèé lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọmọ́lẹ́yẹ wọ agbádá. Ó ti kó àwọn mẹkáníìkì jọ láti pàtẹ́wọ́, Qudirat náà sì ti dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo àti ìwé ìyọ̀ǹda tuntun kan tó gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí eruku bò wọlé. Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà rọ́bà.

“Ẹ káàbọ̀, màmá. Ọ̀gá yín ń bọ̀ lẹ́yìn?”

“Èmi ni Theresa tó kọ lẹ́tà sí yín,” ni obìnrin náà wí. “Èmi náà ni ọ̀gá. Ibo ni táńkì wà?”

Kò jókòó, kò mu nǹkan tútù, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni olójú ewé mẹ́fà. Ó gun àkàsọ̀ fúnra rẹ̀, ó ṣí ìdérí, ó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ díẹ̀, ó yọ ọ́ jáde. Dúdú kirikiri.

“Ó kún lóòótọ́,” ló sọ láti òkè.

Àwọn mẹkáníìkì pàtẹ́wọ́. Ọmọ́lẹ́yẹ gbọ́ bí àga tó ń yí ṣe ń dún ní Àkúrẹ́.

Theresa sọ̀kalẹ̀, ó ń nu ọwọ́. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára ọ̀dà ewé. Ó kà á sókè, láti “ojú lásán” títí dé “òtítọ́”.

“Ta ló kọ èyí?”

Bí Ọmọ́lẹ́yẹ bá dákẹ́ níbí yìí, bóyá obìnrin náà ì bá gbọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Àmọ́ ta ni yóò béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, kó sì dákẹ́? Ó yọ àyà. “Èmi fúnra mi ni, màdáámù. Kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́.”

“Ó wù mí gan-an. Kò sí ẹkùn mìíràn tó ronú kan èyí.” Ó yọ ìgò kékeré kan jáde látinú báàgì rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká ṣe bó ṣe wí.”

Ó ṣí táàpù.

Omi tú jáde. Kò dúdú, kò pọ́n, kò tilẹ̀ rú. Omi tó mọ́ lóló, tí ìyá ọlọ́mọ lè fi wẹ ọmọ. Ó kún ìgò náà, Theresa gbé e sókè sí oòrùn, oòrùn sì gba inú rẹ̀ kọjá sí òdìkejì, ó bọ́ sójú Ọmọ́lẹ́yẹ.

“Ọ̀gá Ọmọ́lẹ́yẹ,” ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́, “ọ́ìlì Ọ̀wọ̀ mà mọ́ o. Ṣé ẹ ti bá ilé iṣẹ́ tún un ṣe tán ni?”

“Ó... òjò ni, màdáámù. Ó ní láti jẹ́ òjò.”

“Òjò wo?” ni Qudirat fèsì láìsí ẹni tó bi í. “Láti oṣù kọkànlá ni kànga mi ti gbẹ!”

Omi ń tú lọ. Ó ṣàn gba ẹsẹ̀ agbádá kọjá, ó ń bá ti rẹ̀ lọ sójú gọ́tà.

“Ibo wá ni ọ́ìlì wà?” ni Theresa béèrè.

“Màdáámù,” ni Jìbírílù dáhùn pẹ̀lú ìwà ọmọlúàbí, “ẹ béèrè fáìlì aláwọ̀ ewé. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa kì í ṣe nǹkan láìsí àkọsílẹ̀.”

Wọ́n gbé fáìlì wá. Theresa jókòó lé àkàsọ̀, ó ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: fíkà, àwọn àna, àwọn agégi, Qudirat lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ìrù mẹ́ta aláwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ó dé ibì kan, ó dúró, ó tún un kà.

“Ẹ kọ̀wé sí ara yín?”

“Ìlànà ni, màdáámù.”

“Ẹ sì dá ara yín lóhùn.”

“Lọ́jọ́ kan náà,” ni Jìbírílù wí. “Iṣẹ́ kì í falẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá wa.”

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn mẹkáníìkì, ó yára sọ ọ́ di ikọ́. Nísàlẹ̀ táńkì, omi ti ń tán lọ; ohun dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu táàpù, tó nípọn, tó ń fà. Qudirat ti sáré ti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. “Ẹ má jẹ́ kó ṣòfò o! Èmi ní ìyọ̀ǹda!” Theresa na ọwọ́, ó ti táàpù pa.

“Kò sí ìyọ̀ǹda mọ́,” ló wí. Ó yíjú sí Ọmọ́lẹ́yẹ. Kò pariwo, ìyẹn ló sì burú jù. “Ẹ ó dúró síbí, ọ̀gá, títí táńkì yìí yóò fi tún kún, tí a ó sì ṣí i nísàlẹ̀. Ní ti ipò Àkúrẹ́, ẹlòmíì ni a ó fún. Àmọ́ òfin keje yín dára, kò yẹ kó jẹ́ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ nìkan ni yóò máa jẹ àǹfààní rẹ̀. A ó mú un lọ sí Àkúrẹ́, kó di ti gbogbo ìpínlẹ̀.”

“Pẹ̀lú orúkọ mi?” Ohùn rẹ̀ kéré.

“Òfin nìkan.”

Ó kọ ohun tó rí sínú ìwé rẹ̀, ìlà mẹ́rin péré, ó na ìwé náà sí i. “Ẹ bá wa buwọ́ lù ú níbí. Mo rí i pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe.”

Ọmọ́lẹ́yẹ fa bíró aláwọ̀ ewé yọ. Ó kọ ìrù kìíní. Ó kọ ìkejì. Òógùn ti ń ṣàn wọ ojú rẹ̀ débi pé kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìkẹta, kò sì rí aṣọ ìnujú kankan nínú gbogbo agbádá náà. Ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Oòrùn oṣù kejì bọ́ sórí rẹ̀ láti iwájú dé ìpàkọ́.

Jìbírílù wo orí náà, ó wo ojú ọ̀run, ó tún wo orí náà.

“Ẹ̀yin èèyàn,” ló wí, “ṣé Ìgógó ti dé ni?”